Ta Ló Ń Ṣọ́ Yàrá Ẹ̀rọ Lásìkò Ìṣínu?

Ọjọ́bọ̀, ààwẹ̀ kìíní

Ìwé yìí kì í ṣe ti ọsibítù. Ti ọsibítù wà lórí tábìlì kékeré lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ. Inú ìyẹn ni mo ń kọ bí ooru yàrá náà ṣe rí sí, ní wákàtí wákàtí. Èyí tèmi ni. Owó mi ni mo fi rà á. Ẹni tó bá rí àṣìkọ nínú rẹ̀, kó lọ ra tirẹ̀.

Níta, mẹ́tàlélógójì. Nínú yàrá ẹ̀rọ, méjìlélógún. Gbogbo ìlú Mínyà ń hó. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ ni orí ti ń fọ́ mi nítorí tíì tí mi ò mu.

Òní ni Wagíì kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti ẹ̀ fi jọ ṣọ́ àwọn kọ̀ǹpútà ńlá yẹn, òun gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà, èmi gẹ́gẹ́ bí agbálẹ̀ tó mọ nọ́ńbà kà. Kìrìsìtẹ́nì ni Wagíì. Nínú ààwẹ̀ wa, òun ló máa ń jókòó síbẹ̀ nígbà tí àwa bá lọ ṣínu; nígbà Kérésì tiwọn, èmi á jókòó kí òun lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ọ̀gá kankan tó pa á láṣẹ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é ni. Wàyí o, Ẹnjiníà Hátẹ́mù, tó ti Káírò dé nígbà òtútù, gbé ẹ̀rọ ìṣọ́ tuntun wá. Bí nǹkan kan bá ṣe àwọn kọ̀ǹpútà náà, fóònù ọwọ́ rẹ̀ ló máa dún. Ó ní kí ni ojú ènìyàn tún ń wá níbẹ̀. Wọ́n gbé Wagíì lọ síbi tí wọ́n ń kó oògùn pamọ́ sí, kó máa ka páálí.

"Ìyá mi," ó ní, "ẹ má gbàgbé bọ́tìnì o."

"Ta lò ń sọ fún? Ṣé kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ẹ?"

Òun ló kọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ife rẹ̀, ó lọ.

Jímọ̀, ààwẹ̀ kejì

Ìbọn tí wọ́n fi ń kéde ìṣínu dún nínú rédíò, gbogbo ìlú tan sítóòfù àti amúlétutù lẹ́ẹ̀kan náà, iná ṣẹ́jú, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Jẹnẹrétọ̀ gbà á. Àwọn kọ̀ǹpútà ò kú, àmọ́ amúlétutù tó ń tu wọ́n lára kú, nítorí òun kì í tan padà fúnra rẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn, mo tẹ bọ́tìnì rẹ̀ lára ògiri, mo padà sórí àga, mo jẹ dàbínù mẹ́ta. Ó parí.

Sámáà, ìyàwó ọmọ mi, pè mí pé ọbẹ̀ ti ń tutù, ṣé mi ò ní wálé wá ṣínu bíi ti gbogbo ènìyàn ni. Mo ní ta ló máa wá tẹ bọ́tìnì, ìyá ẹ?

Ọjọ́ Àìkú, ààwẹ̀ kẹrin

Mo máa kọ tòní dáadáa.

Aago méjì ọ̀sán, ìgbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, Hátẹ́mù wá dúró níwájú àga mi. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án sí mi lójú bí ẹni pé mo jí i.

"Àlájà, ẹ̀rọ mi sọ fún mi pé amúlétutù kú nígbà ìṣínu àná, ó sì tún jí. Ta ló jí i?"

"Èmi ni."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án?"

"Ọdún mọ́kànlá ló ní kí n fọwọ́ kàn án."

Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Kò dùn mọ́ ọn. Ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó tẹ bébà kan jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn gíláàsì yàrá ẹ̀rọ.

"Ẹ kà á fún wa. Ṣebí wọ́n ní ẹ mọ̀wé."

Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ kíláàsì àgbà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Mo mọ̀wé. Mo dìde, mo kà á. Ẹnikẹ́ni. Tí kò ní. Mo dé orí ọ̀rọ̀ gígùn kan, mo kọsẹ̀. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Mo tún kọsẹ̀ síbẹ̀ náà.

"Ẹ tò ó, Àlájà. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. A ò kánjú."

Bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ jéléósinmi sọ̀rọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì kan fi ìborùn bo ẹnu. Mo tò ó. Mo kà á tán. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tí kò ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun nínú yàrá yẹn.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Tí a bá ti ṣọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tán, wọ́n máa gbé àga yìí kúrò. Títí dìgbà yẹn, ẹ máa gbálẹ̀, ẹ máa kọ nọ́ńbà yín tó bá ń dùn mọ́ yín. Ọwọ́ yín ni mi ò fẹ́."

Ó dára. Kò ní rí ọwọ́ mi. Mo ti búra: mi ò ní tẹ bọ́tìnì yẹn mọ́ láyé mi, àfi tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ mí, níwájú àwọn nọ́ọ̀sì kan náà. Àga mi ò sì ní kúrò níbẹ̀. Òun ló máa kúrò.

Ọjọ́rú, ààwẹ̀ keje

Mo ra kóró bàrà yíyan fún ìgbà tí a bá ṣínu tán. Mo tú bébà tí wọ́n fi wé e, mo rí orúkọ obìnrin kan, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Fáìlì ọsibítù wa ni. Hátẹ́mù ló kó gbogbo wọn tà nígbà òtútù, ó ní inú kọ̀ǹpútà ni ohun gbogbo wà báyìí, bébà ń kó eku jọ.

Mo ka ti obìnrin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mi ò kọsẹ̀ níbì kankan.

Jímọ̀, ààwẹ̀ kẹsàn-án

Ayọ̀ mi kún lónìí.

Iná ṣẹ́jú bí ìbọn ṣe dún. Amúlétutù kú. Mo jókòó, mo káwọ́ lẹ́rán, mo ń wo nọ́ńbà pupa tó wà lókè lẹ́yìn gíláàsì. Mẹ́tàlélógún. Mẹ́rìnlélógún. Ó kù díẹ̀ kó di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Hátẹ́mù ni, ó ń mí bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé. Ilé àna rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọsibítù ló ti ń ṣínu. Ọbẹ̀ wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì, ó yíjú sí mi.

"Ẹ sì jókòó síbẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń wò ó?"

"Ẹ ní ẹ ò fẹ́ ọwọ́ mi, Ẹnjiníà. Ẹ ò sọ pé kí n di ojú."

Mo fi ìka hàn án ní àgbọ̀n ara mi ibi tí ọbẹ̀ wà ní tirẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ààwẹ̀ kejìlá

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Lánàá Hátẹ́mù wọ sálúbàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún méjì wá. Lónìí ó mú búrẹ́dì lọ́wọ́ gun àtẹ̀gùn. Mo ní, "Ẹ ṣínu re o, Ẹnjiníà." Ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Ó yẹ kí àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Mo ti sọ fún wọn, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, pàápàá èyí tó fi ìborùn bo ẹnu lọ́jọ́ sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ààwẹ̀ kẹtàlá

Iná ò ṣẹ́jú lónìí. Ó dùn mí.

Jímọ̀, ààwẹ̀ kẹrìndínlógún

Mẹ́rìnlélógójì níta. Ìjì iyanrìn wọlé láti aṣálẹ̀, iyanrìn ń dún láàárín eyín mi. Kúnáfà, àkàrà dídùn tí a fi ń ṣínu, ti di ọgbọ̀n pọ́ùn kílò kan, olórí burúkú ni àwọn tó ń tà á.

Hátẹ́mù tún sáré wá. Àna rẹ̀ ọkùnrin tẹ̀lé e dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ṣé ẹnjiníà ni mo fi ọmọ mi fún ni àbí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà? Ẹran tí wọ́n gbé síwájú ẹ kò tíì tutù rí kó o tó dìde." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín.

Wagíì wá kí mi lẹ́yìn náà pẹ̀lú ife tíì méjì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá mi, ẹ tẹ nǹkan yẹn, ẹ jẹ́ kó jẹun."

"Kó wá bẹ̀ mí."

"Kò ní bẹ̀ yín."

"Ó máa rẹ̀ ẹ́, ó máa bẹ̀ mí. Ṣé ìwọ ni wọ́n ní kó ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni?"

Ó wo ilẹ̀. Ó ní òun náà ń ka páálí, òun ò sì pariwo. Mo ní ìdí tó fi ń ka páálí nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, ààwẹ̀ kọkàndínlógún

Bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ọsibítù ni mo dà á kọ síbí.

6.52, iná ṣẹ́jú, amúlétutù kú. 22.
6.58. 25.
7.05. 29.
7.10. 32.
7.16. 36.
7.20. 39.
7.24. 42. Àwọn kọ̀ǹpútà ń kú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ààwẹ̀ ogún

Mi ò sùn.

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ ni pé mo fẹ́ ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Láràárọ̀ ni Hátẹ́mù máa ń sọ fún ọ̀gá àgbà ọsibítù pé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta ni òun ti ń dé. Mo fẹ́ fi bébà hàn wọ́n pé irọ́ ni. Nígbà tó di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo ń retí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tó di mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mo ń rẹ́rìn-ín nínú ara mi, mo ní àna rẹ̀ ti so ó mọ́ àga. Nígbà tó di méjìlélọ́gbọ̀n, mo ní ó dáa, bó bá ṣe pẹ́ tó ni ìtìjú rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Mo ń kọ ọ́. Nọ́ńbà mi rẹwà, mi ò kọ irú ẹ̀ rí, ó dúró gbọnin lórí ìlà.

Nígbà tó di mẹ́rìndínlógójì, mo dìde. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn. Bébà tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ wà lójú mi gan-an, ọ̀rọ̀ gígùn yẹn sì wà láàárín rẹ̀. Mo padà lọ jókòó.

Lẹ́yìn náà ni àwọn iná aláwọ̀ ewé kéékèèké ara àwọn kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ariwo wọn tó ti wà létí mi fún ọdún mọ́kànlá dákẹ́. Mi ò mọ̀ pé ọsibítù lè dákẹ́ báyẹn. Mo sáré wọlé, mo tẹ bọ́tìnì. Amúlétutù tan. Kò sí ohun tó fẹ́ tù mọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lókè: "Kọ̀ǹpútà ti lọ! Kò sí nǹkan kan lójú ẹ̀!" Wagíì ló kọ́kọ́ dé, ó sáré láti ibi oògùn. Aago mẹ́jọ kọjá ni Hátẹ́mù tó dé, ó ń tayín, fóònù rẹ̀ wà nínú àpò, kò dún rárá. Wagíì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó, ó ní, "O pa á lẹ́nu mọ́?" Ọkùnrin náà ti sọ fún ẹ̀rọ rẹ̀ láti Àbámẹ́ta pé láti ìgbà ìbọn ìṣínu títí di ìrun alẹ́, kó má dún. Kí òun lè jẹ ẹran àna òun ní gbígbóná.

Mi ò mọ̀. Mo fẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀ níbì kan pé mi ò mọ̀.

Ọjọ́rú, ààwẹ̀ kọkànlélógún

Obìnrin kan kú.

Nágàt ni wọ́n ń pè é. Ó bímọ ní aago méje ààbọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ ọ́ sí, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti àpò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún un. Kọ̀ǹpútà kò sọ̀rọ̀, fáìlì kò sí. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń sáré gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń sáré sọ̀. Ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n gbé àpò náà dé, wọn ò rí ẹni tí wọ́n máa gbé e kọ́ fún mọ́.

Ọmọ náà wà láàyè. Ọkùnrin ni.

Kọ̀ǹpútà padà jí lọ́sàn-án òní. Méjìlélógún.

Jímọ̀, ààwẹ̀ kẹtàlélógún

Wọ́n ń pè mí ní akọni. Ọ̀gá àgbà wá síbi àga mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní èmi nìkan ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí gbogbo ọkùnrin ilé iṣẹ́ yìí ń jẹun. Ó ní ìgbìmọ̀ ń bọ̀ láti Káírò, ìwé mi ni ẹ̀rí tí wọ́n máa fi mú Hátẹ́mù. Ó ní ta ló sọ pé wọ́n máa gbé àga yìí kúrò? Níwájú àwọn nọ́ọ̀sì ló ti sọ ọ́. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ pátá ni.

Nígbà tí mo fẹ́ lọ sílé, obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú dìde lórí ìjókòó ọ̀nà. Ó gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́. Ó tó bíi mi lọ́jọ́ orí, ọwọ́ rẹ̀ le, oko ìrèké ló ti ń ṣiṣẹ́.

"Ṣé ìwọ ni Àlájà Nàbáwíyà?"

"Èmi ni."

"Badríyà lorúkọ mi. Èmi ni ìyá Nágàt." Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó fẹnu kò ó. "Wọ́n ní ìwọ nìkan lo dúró. Wọ́n ní o ò tiẹ̀ lọ ṣínu. Ọlọ́run á san án fún ẹ, arábìnrin mi. Ọlọ́run á san án fún ẹ."

Mo fẹ́ fa ọwọ́ mi yọ. Kò jẹ́. Ọmọ náà ń wò mí.

Nílé, Sámáà gbé ọbẹ̀ síwájú mi, ó ní wọ́n ti ń sọ ìròyìn mi ní gbogbo àdúgbò. Mo ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀. Iyọ̀ ò pọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ààwẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Wagíì wá. Kò gbé tíì wá. Ó ṣí ìwé ọsibítù lórí tábìlì, ó fi ìka tọ ojú ìlà kan.

"Ìyá mi. Aago méje ku ìṣẹ́jú méjì, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹsẹ̀ mélòó ni láti orí àga yìí débi bọ́tìnì?"

"Mẹ́rin."

Ó pa ìwé náà dé pẹ̀lẹ́. Ó ń wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀.

"Wọn ò tíì kà á dáadáa," ó ní. "Wọ́n kàn rí i pé ó ń gòkè ni. Àmọ́ Hátẹ́mù máa kà á. Ẹ gbọ́ mi. Ẹ sọ fún wọn pé ìgbà tí gbogbo rẹ̀ parí tán lẹ tó kọ ọ́. Ẹ sọ pé ẹ̀rù bà yín, ẹ kàn fojú díwọ̀n nọ́ńbà. Wọ́n máa gbà. Àgbàlagbà ni yín, ẹ ò lọ síléèwé, ta ló máa yà lẹ́nu?"

"Pé mi ò mọ nọ́ńbà kà."

"Ìyá mi, mo ń gbà yín là."

"O ń sọ fún mi pé kí n sọ pé mi ò mọ nọ́ńbà kà."

Ó dìde. Ó ní fún ọdún mọ́kànlá òun kò rí i kí n kọ nọ́ńbà kan tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun á fẹ́ kí n ti kọ ọ̀kan lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́rú, ààwẹ̀ kejìdínlọ́gbọ̀n

Yàrá ìpàdé ọ̀gá àgbà. Ènìyàn mẹ́ta láti Káírò, obìnrin ni olórí wọn, Dókítà Ìglál, olóhùn jẹ́jẹ́. Wọ́n gbé àga fún mi. Wọ́n ní ṣé ààwẹ̀ ò mú mi jù. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí nítorí ooru, Badríyà sì jókòó sí ọ̀nà níta, òun àti ọmọ.

Hátẹ́mù ti mọ̀ pé ọ̀ràn òun ti bàjẹ́. Ó ti rù. Ṣùgbọ́n ó ti ka ìwé náà.

"Ẹ wò ó, Dókítà," ó ní. "Lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí ló ń kọ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn nìkan, ìgbà méje láàárín ìṣẹ́jú méjìlélọ́gbọ̀n. Ta ló ń kọ báyẹn? Obìnrin yìí ò lè ka bébà kan tán láìkọsẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì jẹ́rìí. Ìgbà tí nǹkan bàjẹ́ tán ló jókòó ṣẹ̀dá nọ́ńbà láti fi kó bá mi. Ooru ò gòkè báyẹn. Òjijì ló ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ̀."

Dókítà Ìglál yíjú sí mi. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

"Màmá, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé ẹ̀yìn ìgbà náà lẹ kọ ọ́? Bóyá ẹ kàn fojú díwọ̀n? Kò burú o. Bẹ́ ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, a máa pa ojú ìwé yẹn tì, kò tún kàn yín mọ́."

Wagíì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ń wò mí, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń gbàdúrà ni.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ọ̀rọ̀ náà kéré: bẹ́ẹ̀ ni, kò ju ìyẹn lọ. Hátẹ́mù wá fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó tò ó, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan."

"Mi ò fojú díwọ̀n," ni mo wí. "Mo wò ó, mo kọ ọ́. Mo wò ó, mo kọ ọ́. Nígbà méje. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tí kì í ṣe òótọ́. Ẹ gbé nọ́ńbà yòówù tó bá wù yín wá, kí n kà á fún yín báyìí."

"Ẹ̀ ń sọ pé ẹ rí i pé ó ń gbóná," ni Dókítà Ìglál wí.

"Mo rí i."

"Ṣé ẹ mọ bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n ju ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yẹn lọ."

Ó gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá ka ojú ìwé náà fúnra rẹ̀ láti òkè wá, mo sì ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń bọ́ láti ìlà kan sí èkejì.

"Nígbà náà, Màmá, láàárín ìṣẹ́jú méjìlélọ́gbọ̀n yìí, ta lẹ pè?"

Fáànù ń yí lókè. Ọmọ náà ké díẹ̀ níta, ó dákẹ́.

"Mi ò pe ẹnì kankan."

Wọ́n lé èmi àti Hátẹ́mù kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń lọ sílé ẹjọ́. Orúkọ tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sórí bébà, tirẹ̀ tẹ̀lé e. Mo ka bébà náà tán níwájú wọn kí n tó fọwọ́ sí i. Mi ò kọsẹ̀. Nígbà tí mo jáde, Badríyà ò sí lórí ìjókòó mọ́.

Jímọ̀, ọjọ́ ọdún

Àwọn ará ilé kírun yídì, wọ́n dé. Sámáà kò bá mi sọ̀rọ̀. Ẹnì kankan kò wá kí wa. Ìpápánu ọdún tó ṣe wà lórí tábìlì, a ò ṣí i.

Aago mẹ́jọ, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Badríyà ni, nínú aṣọ dúdú rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn. Ó ń lọ sí ìtẹ́ òkú lódìkejì odò, bí gbogbo ìlú ṣe ń lọ láàárọ̀ ọdún. Mo dúró kí ó lù mí. Mo tiẹ̀ yọ gèlè kúrò lórí.

Kò lù mí. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà.

"Wọ́n ní ìwé kan wà," ó ní.

"Wọ́n ti gbé e lọ sí Káírò. Mo ní ẹ̀dà rẹ̀."

"Èmi ò mọ̀wé. Kà á fún mi."

Mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Kò sí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa jáde lẹ́nu mi kó má dàbí èébú. Mo mú ìwé yìí wá, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ṣí i sí ọjọ́ Ajé náà, mo kà á.

"Tún un kà. Rọra kà á."

Mo tún un kà. Lọ́tẹ̀ yìí ó ń tẹ̀lé mi, bí a ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì àgbà. Mo ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Sámáà jáde, ó gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ̀ ẹ́, ó ń sunkún. A kà á nígbà mẹ́ta, nígbà mẹ́rin. Bó bá ṣì í, á ní kí n dúró, á tún un mú láti òkè. Oòrùn dé orí ẹsẹ̀ wa.

Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ lé ojú ìwé náà kí n má bàa rí i kà, ó sì ka gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti méjìlélógún títí dé méjìlélógójì, pẹ̀lú ìṣẹ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò kọsẹ̀.

Ó dìde, ó gba ọmọ, ó gbé e pọ̀n. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ọkọ̀ ojú omi, ẹnu rẹ̀ ń mì, ó ń kà á lọ kó má bàa gbàgbé kó tó dọ́dọ̀ Nágàt ní ìtẹ́ òkú.